Má Fagi Lé Ìrìn-àjò Ilé Inú Àpáta Nítorí Tèmi

Inísà,
Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Dúrójayé ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí pé àlàáfíà ni mo wà, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nínú lẹ́tà, torí pé irọ́ ni yóò jẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko báyìí tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ. Ìwọ tí o máa ń pè mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí o máa bi mí pé kí ni mo jẹ, tí o sì máa bá mi jà bí mo bá ní ẹ̀bà ni, o wá di ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi bí ẹni tó ń kí ìyá onílé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Ó parí. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ti ìkẹyìn wọlé: "Mọ́mì, mo ti fagi lé ìrìn-àjò yẹn. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ mọ́."

Mo kà á tán, mo jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé. Omi tí mo gbé kaná gbẹ tán nínú ìkòkò, mi ò mọ̀.

Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé mò ń sá fún un. Ọdún méjì lo fi ṣètò pé kí n wá bá ọ ní Àmẹ́ríkà, kí èmi àtìwọ jọ lọ wo àwọn ilé tí àwọn ènìyàn àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Puẹ́bílò kọ́ sínú àpáta, nínú ọgbà ńlá tí ìjọba ibẹ̀ ń tọ́jú. O ti yan oṣù. O ti gba ààyè sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fini mọ̀nà. O ní kí n fi òwú wọn ẹsẹ̀ mi láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ-ìka, o sì ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn dè mí. Gbogbo ohun tí o ṣe ló tọ́. Èmi ni mo dé ojú wíńdò àwọn tó ń fúnni ní físà ní Èkó, tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí o ti kọ́ mi ní ìdáhùn rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí mo sì dáhùn òmíràn. Wọ́n dá ìwé ìrìnnà mi padà fún mi láìfún mi ní físà.

Ìwé tìrẹ náà kò tíì pé lọ́hùn-ún. Bí o bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé padà. Èmi ò lè wá, ìwọ náà ò lè wá. Ó di ọdún méje tí mo ti fọwọ́ kàn ọ́ kẹ́yìn. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Jayé. Mi ò rò pé a óò tún fojú kan ara wa láyé yìí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Má bínú pé mo kọ ọ́, torí pé ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti kúrò níwájú wíńdò yẹn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ nínú lẹ́tà yìí, kí o lè mọ bí o ṣe máa rin ìrìn-àjò náà, torí pé o máa lọ. Tíṣà ni mí, nọ́ńbà ni mo fi ń ronú. Bí nọ́ńbà bá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ níbì kan, fojú fò ó, máa kà á lọ.

Èkínní. Má fi ìrìn-àjò sílẹ̀ nítorí pé ẹni tí o fẹ́ bá lọ kò lè lọ. Ṣé o rántí àwòrán ara ògiri pálọ̀ wa? Orí kàlẹ́ńdà kan ni bàbá rẹ ti gé e, kàlẹ́ńdà tí òyìnbó tíṣà kan fi sílẹ̀ ní ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Òkukù. Ọdún orí rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ kí a tó bí ọ. Ilé olókùúta ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ ikùn àpáta bí ilé alápàńdẹ̀dẹ̀ lábẹ́ àjà. O ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ tí o fi ń bi í pé, "Dádì, ta ló gbé wọn síbẹ̀ yẹn?" Ojoojúmọ́ lo ń bi í, ojoojúmọ́ ló sì ń fi ìtàn tuntun dá ọ lóhùn. Ó ní lọ́jọ́ kan òun máa fi ẹsẹ̀ òun tẹ ibẹ̀. Èmi a bú sẹ́rìn-ín, màá ní, "Ìwọ tí o ò tíì dé Abẹ́òkúta?"

Kò sí bí bàbá rẹ ṣe lè dé Àmẹ́ríkà nígbà yẹn, ó mọ̀. Ohun tó bẹ̀ mí fún kéré sí ìyẹn. Ó ní kí èmi àti òun gun òkè ẹ̀yìn Ìkìrun lọ́jọ́ kan, níbi tí àwọn àgbà ní àwọn ènìyàn sá pamọ́ sí nígbà ogun, ká lọ wo bóyá òkúta ààrò wọn ṣì wà níbẹ̀. Bí ọlidé bá ti dé ló máa sọ ọ́. Màá ní kó jẹ́ kí n máàkì ìwé tán. Màá ní ká jẹ́ kí ọyẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀. Màá ní kí Jayé ṣe ìdánwò rẹ̀ ná. Nígbà tó yá, mo ní ká jẹ́ ká fẹ̀yìntì. A fẹ̀yìntì, ọdún yẹn náà ni apá kan ara rẹ̀ rọ. Ó wà lórí àga fún ọdún mẹ́ta, láti ojú wíńdò wa ló ti ń wo òkè. Òní la rí, kò sẹ́ni tó mọ̀la, èmi sì fi ọ̀la jẹ ọkọ mi níyà títí ó fi kú.

Nítorí náà, lọ. Bí o bá jókòó sílé nítorí mi, ohun tí mo ṣe fún bàbá rẹ náà ni mo tún ṣe fún ọ yẹn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a óò rí abuké erin. Tún ààyè náà gbà lọ́dọ̀ wọn lónìí kí ó tó kún.

Èkejì. Ọ̀rọ̀ ara ni èyí. O ti sanra. Má bínú, ojú fóònù ni mo ti rí i, ó sì yẹ ọ́, ṣùgbọ́n àkàbà kò mọ ẹwà. O sọ fún mi pé àkàbà onígi ni wọ́n ń gùn sókè níbẹ̀, àti pé ihò kan wà tí èèyàn máa ń rákò kọjá. O ní ilẹ̀ ibẹ̀ ga, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì gbẹ. Bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ilé yín láràárọ̀ láti ìsinsìnyí. Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Bí àyà rẹ bá já lẹ́sẹ̀ àkàbà, padà sẹ́yìn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tíṣà ní Igbaye. A kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo àpáta kan lẹ́yìn ìlú Ìbà. Gbogbo ènìyàn wọ sálúbàtà, èmi wọ bàtà gogoro, torí pé tíṣà ọkùnrin kan ń bá wa lọ tí mo fẹ́ kó rí mi. Ó rí mi lóòótọ́. Ó rí mi nígbà tí mo yí gbirigbiri láti orí àpáta dé inú koríko, tí àwọn ọmọ gbé mi bí àpò àgbàdo, tí wọ́n sì ń kọrin bí wọ́n ṣe ń gbé mi lọ. Òun ló ń bọ̀ lẹ́yìn, ó gbé bàtà mi méjèèjì dání. Bàbá rẹ nìyẹn. Ó ní ọjọ́ yẹn lòun pinnu láti fẹ́ mi, torí pé irú mi ń fẹ́ olùṣọ́. Bóyá ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n máa sá fún òkè títí ayé rẹ̀ fi parí. Mi ò mọ̀. Mi ò tíì rò ó rí kó tó di ìsinsìnyí tí mò ń kọ ọ́.

Nítorí náà, bàtà tó dára, omi, àti sùúrù. Kí ọkọ rẹ máa lọ níwájú rẹ. Má sì fi ìkanra sọ̀rọ̀ sí i lójú àwùjọ bí ẹ̀rù bá bà ọ́. Mo mọ ìwà rẹ, ìbínú lo fi ń bo ẹ̀rù. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ilé onílé lò ń lọ. Kí o tó tẹ ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀, dúró, kí o sọ pé, "Àgò onílé o." Sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ojú àwọn òyìnbó bá ń tì ọ́. Kò ní sí ẹni tí yóò dá ọ lóhùn pé àgò yà, ṣùgbọ́n dúró díẹ̀ bákan náà, bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Má fara ti ògiri. Má jókòó sórí ohun tí wọn ò ní kí o jókòó lé. Má mú òkúta kan, má mú àpáàdì kan, bó ti wù kó kéré tó.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyàwó wọ ilé yìí, mo rí ọlọ àtijọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé, lílò ti jẹ àárín rẹ̀ wọnú. Mo rò pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo yí i lọ sí balùwẹ̀, mo ń dúró lé e wẹ̀. Ìyá bàbá rẹ rí i lọ́jọ́ kejì. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e, tàgbà tàgbà, wọ́n fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ìborùn wọn nù ún gbẹ. Ìyá tó bí wọn ló fi ọlọ yẹn lọ ata títí tó fi kú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún mi ni pé, "Ìyàwó, o ò mọ̀ ni." Wọn ì bá nà mí, ì bá sàn fún mi.

Nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́, mo rí i pé ọlọ wà níbẹ̀ náà, àárín tiwọn náà ti jẹ wọnú. Àgbàdo ni wọ́n ń lọ̀. O tún ní ipa ìka ọwọ́ àwọn tó rẹ́ ilé náà ṣì wà lára amọ̀ tó wà láàárín òkúta. Èmi náà ti fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé rí ní kékeré mi ní Òkukù, mo mọ bí ìka ṣe máa ń rìn lára amọ̀ tútù. Obìnrin kan ló dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń rò ó pé òun ṣe ilé tí yóò tọ́jọ́ fún àwọn ọmọ òun. Bí o bá rí ipa ìka yẹn, kí i fún mi.

Ẹ̀kẹrin. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú rẹ níbẹ̀ pé àwọn ènìyàn náà pòórá, má bá a sọ ọ́. Mo ti ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ látòkè délẹ̀. Òjò kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, oúnjẹ ò tó mọ́, ìjà wọ̀ ọ́, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ sí ìhà gúúsù. Àwọn ọmọ ọmọ wọn wà láàyè títí di òní, wọ́n sì ní ẹ̀mí àwọn baba àwọn ò kúrò nínú ilé yẹn.

Mo ka ibi tí wọ́n ti kó lọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ó dà bí ẹni pé àdúgbò wa ni mò ń kà. Ilé mẹ́fà ló wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé oríta. Èyí tó kàn wá, àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dógùn-ún, Kánádà ni gbogbo àwọn ọmọ ibẹ̀ wà. Ìyá tó wà ní ìkejì, wọ́n ti gbé wọn lọ sí Èkó kí wọ́n lè máa rí ẹni tọ́jú wọn. Ìjì ṣí páànù ilé ọ̀kánkán lọ, kò sí ẹni tó bá wọn kàn án padà, òjò ti ń wó ògiri rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń dáná nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá rẹ wà níwájú ilé yìí lábẹ́ síméǹtì tí mò ń gbá láràárọ̀. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbá a? Òkúta ni àwọn yẹn fi kọ́ tiwọn, ó dúró. Búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ ni tiwa. Ta ni yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì wá wò ó?

Mi ò ní kí o padà wá. Èmi ni mo rán ọ lọ, èmi ni mo ta ko bàbá rẹ nígbà tó ní kí o dúró, ìlọ rẹ sì ni mo fi gbéraga nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún odindi ọdún kan. Ìyẹn náà wà lára àṣìṣe tí mò ń ròyìn fún ọ. Mo rò pé ọmọ tó lọ jìnnà ni ọmọ tó là. Mi ò bi ara mi pé bí mo bá fẹ́ rí ọ, ọ̀dọ̀ ta ni màá ti tọrọ àyè. Nígbà tí o bá dúró lábẹ́ àpáta yẹn, má wo ilé náà bí ohun ìyanu. Wò ó bí ilé tí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ́jọ́ kan, tó sì ń wẹ̀yìn bó ṣe ń lọ.

Mo rò pé ẹ̀karùn-ún ló kàn. Nítorí òun gan-an ni mo ṣe mú bírò.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ nípa ìdáhùn tí mo fún wọn, o sì bi mí lọ́jọ́ yẹn lórí fóònù, ìgbà tí mo wà nínú mọ́tò tí a ń ti Èkó bọ̀ sí Ìkìrun. O pariwo. O ní, "Mọ́mì, mo sọ fún yín! Ọ̀kan! Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní kẹ́ ẹ sọ! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ méjì?" O wá ní, "Ṣé Rónkẹ́ ló máa gbé yín wá sí Àmẹ́ríkà ni?" O sì pa fóònù. Ẹyin lọ̀rọ̀, Jayé, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Ṣùgbọ́n mi ò bá ọ wí, torí pé o ò mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Rónkẹ́ ló gbé mi lọ sí Èkó. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ìkìrun fún ọjọ́ méjì. Wọn ò jẹ́ kó bá mi wọlé, ó dúró síta nínú oòrùn, ó gbé àpò oúnjẹ mi dání. Ọmọkùnrin tó wà lójú wíńdò kò rí mi fín. Ó kí mi dáadáa. Ó ní ọmọ mélòó ni mo ní. Ọ̀kan lo kọ sínú fọ́ọ̀mù, òótọ́ sì ni, ìwọ nìkan ni mo bí tó dúró. Mo la ẹnu. Ọ̀kan ò jáde. Mo ní, "Méjì." Ó wo ìwé, ó tún bi mí. Mo tún ní méjì. Ó ní ta ni ìkejì. Mo ní Rónkẹ́ ni, ó ń dúró dè mí níta. Ó ní ṣé èmi ni mo bí i. Mo ní èmi ni mo tọ́ ọ, bàbá rẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń dàrú sí i. Ó ní ohun tí mo fọwọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù kọ́ ni mò ń sọ fún òun yìí. Ó ti ìwé náà sí mi lábẹ́ gíláàsì, ó ní òun bá mi kẹ́dùn.

O lè ní àṣà ló fà á, pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àti pé ọmọ àbúrò ọkọ ẹni, ọmọ ẹni ni. Èmi náà ti ń fi ìyẹn tan ara mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe òun.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Rónkẹ́ nígbà tí wọ́n mú un wá bá wa láti oko, ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Làpálàpá wà lórí rẹ̀, kò ní bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi láti Òkukù, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣọ́ra rẹ o." Mo gbé òwe yẹn mì bí oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú ẹ̀yin méjèèjì lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé náà mọ̀ mí, ẹgbẹ́ mi ni. Ó wo orí Rónkẹ́, ó ní, "Ṣé ọmọ yín ni àwọn méjèèjì, Ìyáàfin?" Ojú tì mí. Mo fà ọ́ mọ́ra, mo ní, "Èyí lọmọ mi. Ìyẹn kàn ń gbé lọ́dọ̀ mi ni."

Ọmọ náà gbọ́. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tí a délé, ó jẹun tán, ó fọ àwo rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó fọ̀ ọ́, ó sì dojú rẹ̀ dé sápá ọ̀tọ̀ kúrò lára àwo tiwa. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ìdáná ló ti ń jẹun. Kò pè mí ní Màámi mọ́, "Mà" ló ń pè mí. Bàbá rẹ bi mí ohun tó ṣe é, mo ní ó ń dàgbà ni. Mo rán aṣọ kan náà fún ẹ̀yin méjèèjì, mo fi í kọ́ṣẹ́, mo sìn ín lọ sílé ọkọ bí ìyá ṣe ń sin ọmọ rẹ̀. Mi ò fi ọjọ́ kan pè é jókòó kí n sọ fún un pé mo ṣì í sọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mi ò sọ ọ́. Ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ, tí ìwọ ò lè wá, tí mo fẹ́ ṣubú sínú sàréè, òun ló dì mí mú lẹ́yìn, tó ní, "Màámi, ẹ jókòó." Ọjọ́ yẹn ló tó tún pè mí bẹ́ẹ̀.

Òun ló wà níta nínú oòrùn, Jayé, nígbà tí wọ́n bi mí léèrè. Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ rí ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sùn, ẹnu mi sì kọ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ní, "Màámi, kí ni wọ́n wí?" Mo ní wọ́n ní mo ti dàgbà jù.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀ nìyí, mi ò ní nọ́ńbà fún un. Kì í ṣe gbogbo òwe tí àgbà bá pa ni kí o gbé mì. Bí o bá sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ ni o, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni o, lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tó ṣì kéré. Má ṣe bíi tèmi, tí mo fi ẹ̀bẹ̀ Rónkẹ́ sílẹ̀ títí tó fi wá gba àǹfààní àtirí ojú rẹ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe rere lójú wíńdò yẹn tàbí mo hùwà òmùgọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé yìí dákẹ́ jù, àti pé mi ò ní ìrètí kankan tí mo lè kọ síbí fún ọ. Lọ wo ilé inú àpáta náà dípò èmi àti bàbá rẹ.

Èmi ni,
Màámi rẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ, Rónkẹ́ ló máa ń fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ, kì í sì í kà á. Mo rò ó lọ́jọ́ méjì pé kí n wá ẹlòmíràn. Lónìí tó dé láti Ìkìrun, mo na ìwé náà sí i, mo ní, "Kà á kí o tó fi ránṣẹ́." Ó ń kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi ilé-ìwé, ó jókòó sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo ní kó má bínú. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Màámi, mo gbọ́ ohùn Jayé nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Mo ti mọ̀ pé tèmi ló fà á. Ẹ̀ bá ti sọ pé ọ̀kan, kẹ́ ẹ lọ rí ọmọ yín. Mi ò ní ka ìyẹn sí. Ti ilé-ìwé ni mo kà sí."

Ó ti ń sunkún látàárọ̀, èmi náà ń sunkún. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí a ó fi gbọ́ ohùn rẹ. Jayé, pè wá.